Ẹ́ńjìnnì Ìgégi Tuntun Bàbá Ahac

Ilé Ravnjak,
Òkè Podgora,
Koroška,
Slovenia.
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Trezika,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìsùn. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Graz? Ṣé ẹ̀yìn Bọ̀ọ̀dá Rudi ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí ó ṣì ń dùn wọ́n? Iṣẹ́ bíríkì kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi agídí ṣe; ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn. Ọmọ ńkọ́? Màmá kọ̀wé sí mi pé ó ti hu eyín méjì, pé ìka àwọn fúnra wọn ló sì fi dán eyín náà wò. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo rẹ́rìn-ín, ìdí nìyẹn tí mo fi rántí.

Ẹ béèrè pé kí ló dé tí n kò kọ̀wé láti oṣù Keje. Ẹ má bínú. Ìwé mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo sì fà ya. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn-ún sọ, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́ fún yín, kò sí ẹlòmíràn níbí tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹ mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìtọ́jú igbó wa pín wa sí oko láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, kí a lè fi ọwọ́ ṣe ohun tí a fi etí gbọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ ní méjì-méjì. Èmi nìkan ni wọ́n fi sọ́dọ̀ Bàbá Ahac àti Màmá Zefa, ìyàwó wọn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ó ń ta oògùn ní Maribor, kò sì fẹ́ràn ẹrẹ̀. Màlúù mẹ́sàn-án ni wọ́n ní, ẹlẹ́dẹ̀ méjì, pápá tí kò tó nǹkan, àti igbó igi smreka, eléwé bí abẹ́rẹ́, tó bo gbogbo ẹ̀yìn ilé dé orí òkè. Ẹ mọ bí nǹkan àwọn ará òkè ṣe rí: pápá ló ń bọ́ wọn, igbó ló ń gbà wọ́n lọ́jọ́ ìṣòro. Bí òrùlé bá jò, wọ́n á gé igi. Bí ọmọ bá ń relé ọkọ, wọ́n á gé igi. Bí kò bá sí ìyọnu, igi á dúró.

Wọ́n ń tọ́jú mi, n kò lè parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ máa ń há mi lọ́fun láàárín àlejò, ohùn wa ti apá ìsàlẹ̀ tún wá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbí. Nacej, aládùúgbò wa, kì í rí mi kó má sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo dé gan-an, ó ní, "Ọmọ pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ ní igi lọ́dọ̀ yín ṣá, àbí ṣùkù àgbàdo lẹ fi ń kan òrùlé?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹnu lásán ni.

Kí n tó dé ni kòkòrò ti wọ igbó náà. Ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀ dájú, kòkòrò kékeré tí kò tó hóró ìrẹsì, tó ń gbé abẹ́ èèpo igi smreka. Láti ìgbà tí ooru ti ń mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò síbi tí kì í dé. Ní apá òkè, lẹ́bàá ààlà Nacej, igi bí ogójì ti pupa, wọ́n ti gbẹ ganrangan. Àwọn yẹn ni Bàbá fẹ́ gé.

Ẹ́ńjìnnì ìgégi tí wọ́n ń lò ti pé ogún ọdún. Ó fúyẹ́, irin rẹ̀ kò gùn ju láti ìgúnpá mi dé ìka. Fún igi tí kò nípọn, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Kẹfà, Bàbá fi kan igi ńlá kan lẹ́bàá ààlà. Ó wọlé dé àárín, igi jókòó lé e, ó pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn tán kí a tó gbà á sílẹ̀. Nacej dá katakata rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, ó ń wò wá.

"Ahac! Fi nǹkan yẹn gé irùngbọ̀n rẹ, kí o wá yá tèmi!"

Bàbá tẹra mọ́ iṣẹ́. Nígbà tí a jókòó sídìí oúnjẹ, wọ́n ní, "Zefa, ẹ́ńjìnnì tó lágbára la máa rà."

"Ta ni yóò gbé e gun òkè?"

"Èmi ni."

"Ìwọ wo? Ìwọ tí mo ń bá de bọ́tìnì láàárọ̀?"

Òtítọ́ ni Màmá Zefa sọ. Ìka Bàbá ní àìsàn àwọn tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé di ẹ́ńjìnnì mú. Bí òtútù bá kàn án, tàbí bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbọ̀n ọ́n pẹ́, á funfun, á kú, kò ní mọ ohun tó mú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ kejì tí mo dé oko yìí ni mo ti gba àárín igbó kọjá. Mo rí ìyẹ̀fun igi, ó pọ́n bíi kọfí lílọ̀, ní ìdí àwọn igi tó tutù yọ̀yọ̀. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa débi tí a lè sọ ọ́ lójú oorun: igi tó ti pupa, ilé òfìfo ni, kòkòrò inú rẹ̀ ti kó jáde. Igi tó ṣì tutù tí ìyẹ̀fun ń dà nídìí rẹ̀, òun ni ìyá kòkòrò ń bímọ sí lọ́wọ́. Òun ni kí a kọ́kọ́ gé, kí a bó èèpo rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá, àwọn ọmọ á fò lọ, igi kan á di ogún. Mo ka igi tútù tó ní ìyẹ̀fun nídìí lọ́jọ́ náà. Mẹ́tàdínlógún ni. Kò tíì pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni méjì lè ṣe é tán.

Ṣùgbọ́n ní òkè yìí, wọn kì í gé igi tútù nígbà ooru. Èèwọ̀ kọ́, àṣà ni, ó sì le ju èèwọ̀ lọ. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ń gé e, nígbà tí omi ara igi bá ti sùn, tí òṣùpá sì ń fà sẹ́yìn. Pákó irú igi bẹ́ẹ̀ kì í là, kòkòrò kì í sì í jẹ ẹ́. Wọn kò parọ́: òrùlé tí mo ń sùn lábẹ́ rẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, bàbá bàbá Bàbá Ahac ló gé igi rẹ̀. Ta wá ni èmi, ọmọ àná, ọmọ ibi tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo? Mo dákẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù Keje la lọ ra ẹ́ńjìnnì. Nínú ọkọ̀, Bàbá bi mí léèrè, èyí tí wọn kì í sábà ṣe, "Jolanka, kí ni wọ́n sọ nílé-ẹ̀kọ́ yín nípa rẹ̀?" Mo ní, "Wọ́n ní èyí tó lágbára ló yẹ igi ńlá, Bàbá." Wọ́n mi orí. Ohun tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn. Ohun tí mo mọ̀, n kò sọ ọ́. Láti ilé dé ìlú jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú.

Vili ni ẹni tó ń tà á ń jẹ́, ọkùnrin sísanra tí ìka kan ti gé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé mẹ́ta síwájú wa: ọ̀kan bíi ti àtijọ́, ọ̀kan tó wà láàárín, àti àgbà wọn.

"Báwo ni igi rẹ ṣe tóbi tó?"

Bàbá na apá méjèèjì bí ẹni fẹ́ dì mọ́ màlúù.

"Mélòó lò ń gé lójúmọ́?"

"Títí yóò fi tán."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Ṣé èmi lo fẹ́ tà ni, àbí ẹ́ńjìnnì?"

Àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Vili náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. Ó ní èyí tó wà láàárín ni òun máa fún bàbá òun bí wọ́n bá ṣì wà láyé. Igi ńlá kò ju díẹ̀ lọ lóko kékeré, wọ́n lè gé wọn láti ọ̀tún, kí wọ́n tún bọ́ sí òsì. Ti àgbà yìí, ó ní, àwọn tó ń fi igi gígé jẹun láti òwúrọ̀ dalẹ́ ló wà fún. "Agbára inú rẹ̀ yìí, apá rẹ ni yóò máa gbé e. Ẹ́ńjìnnì kì í rẹ̀. Ìwọ ló máa rẹ̀."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń dán an wò, lórí ìtì igi kan. Eléyìí tó wà láàárín gé e dáadáa, kò yára, kò falẹ̀. Bàbá gbé àgbà. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó wọ inú igi bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ọ̀rá, ìtì já bọ́ kí n tó mí tán. Àwọn àgbẹ̀ náà sún mọ́ wa. Bàbá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín wọn nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà ní, "Wò ó, ọkùnrin ti di ọmọ ogún ọdún!" Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yẹn ló ra ẹ́ńjìnnì náà.

Nígbà tí Bàbá gbé e sílẹ̀, ìka wọn méjì ti funfun bí àbẹ́là. Kíá ni wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò. Vili rí i. Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbí láì pe aládùúgbò wá mutí sí i. Ní ọjọ́ Àìkú, Màmá Zefa gbé ọtí ápù àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan sórí tábìlì lábẹ́ igi èso píà, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì jókòó láàárín oúnjẹ bí ọmọ ìkókó tí wọ́n ń sọ lórúkọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé e wò, ó sì gbóríyìn fún un. Bàbá ń ka ètò wọn: àwọn tó ti pupa ni wọn yóò kọ́kọ́ gé, àwọn tútù tó bá ń ṣàìsàn, ó di oṣù Kejìlá. Mo gbé ife mi sílẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló kù nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ń kà. Mo ní, "Bàbá, àwọn igi tútù yẹn..."

Nacej gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́! Pẹ̀tẹ́lẹ̀ fẹ́ kọ́ òkè nípa igi!"

Ẹ̀rín sọ. Màmá Zefa ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́." Gbogbo ojú wá kọjú sí mi, ojú ọkùnrin mẹ́fà tí a bí sínú igbó. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi sá padà. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo sọ?

Mo ní, "Àwọn igi tútù yẹn... wọ́n lẹ́wà."

Bàbá gbé ife wọn sókè sí mi. "Wọ́n lẹ́wà lóòótọ́, ọmọ mi," wọ́n sì mu ún.

Oṣù kan gbáko la fi gé igi tó ti kú. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní àbùkù kankan, ẹ má rò pé òun ló bà wá jẹ́. Igi tí ti àtijọ́ ń fi wákàtí kan bá jà, ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń gbà á. Bí igi kan bá ṣubú, Bàbá á wo apá ibi tí ilé Nacej wà bí ẹni pé òun náà ń kà á. Bí a bá sì ti gé mẹ́rin, wọ́n á jókòó, wọ́n á ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá, wọ́n á ní àwọn ń gbádùn afẹ́fẹ́. Èmi ni mo ń bó èèpo. Igi kan, igi méjì, igi ogójì, ọ̀nà wínníwínní tí kòkòrò gbẹ́ wà níbẹ̀, kòkòrò kan kò sí. Ilé òfìfo la ń wó lójoojúmọ́, tí a sì ń gbé ara wa gẹ̀gẹ̀.

Ní àárín oṣù Kẹjọ, ewé abẹ́rẹ́ igi tútù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀ láìsí ìjì. Mo mú àáké, mo bó èèpo igi kan tó ṣì tutù, mo gbé e wọlé. Mo gbé e síwájú Bàbá lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ wọn. Ọmọ kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀, ó funfun, ó pọ̀ bí ìrẹsì tí wọ́n dà nù. Bàbá ti abọ́ wọn sẹ́yìn.

"Mélòó ló rí báyìí?"

"N kò lè kà á tán mọ́, Bàbá."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti oṣù Kẹfà."

Màmá Zefa ló gbà mí sílẹ̀. "Ó fẹ́ sọ fún gbogbo yín lọ́jọ́ ọtí. Ẹ̀yin lẹ fi í rẹ́rìn-ín."

"Kò sọ nǹkan kan," Bàbá ní. Ohùn wọn kò le. "Ó ní wọ́n lẹ́wà."

Kò sí èébú tó lè dùn mí tó ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì wọn kò wo òṣùpá, wọn kò wo oṣù. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà wọ àárín igi tútù. Igi àkọ́kọ́ ṣubú. Nígbà tí èkejì ń ṣubú, mo rí omi lójú wọn. Wọ́n ní ìyẹ̀fun igi ló kó sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ wọn ṣí láì jẹ́ pé wọ́n ṣí i. Ẹ́ńjìnnì bọ́, ó ya iwájú bàtà wọn, ó kù díẹ̀ kó kan ẹsẹ̀. Bàbá dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò. Màmá Zefa gun òkè wá, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé. N kò rí ẹni tó bá wọn jiyàn.

Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń fi ẹ́ńjìnnì kékeré àtijọ́ gé àwọn tó tín-ín-rín, nítorí òun nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ fún mi láṣẹ láti lò. Àwọn ńlá, wọ́n wà ní ìdúró. Àwọn tó ń gbowó gé igi ní ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́ kí àwọn tó ráàyè, gbogbo òkè yìí ló ń pè wọ́n. Nacej wá ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Mo múra fún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́, ó ní, "Ahac, igbó tèmi náà." Kò wọlé. Bí ó ṣe ń lọ, ó wò mí bí ẹni fẹ́ béèrè nǹkan, kò béèrè.

Lánàá, Bàbá fún mi ní agolo ọ̀dà funfun kan àti búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n lọ yí gbogbo igbó náà ká, láti ààlà òkè títí dé ibi tí màlúù ti ń mu omi, kí n fi ọ̀dà sára gbogbo igi tó ṣì mọ́, tí ìyẹ̀fun kò sí nídìí rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn lè mọ èyí tí àwọn yóò fi sílẹ̀ fún ọmọbìnrin wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ ẹ. Mo jáde lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo kúnlẹ̀ nídìí igi kọ̀ọ̀kan. Mo fi ọwọ́ gbọn koríko, mo wo èèpo, mo wo ilé aláǹtakùn tó wà nídìí wọn, nítorí ìyẹ̀fun máa ń há sínú rẹ̀. N kò fo igi kankan. Òòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí mo padà dé.

Bàbá jókòó sí ìdí tábìlì. Wọ́n ní, "Mélòó?"

Mo ṣí ẹnu, ọ̀rọ̀ tún há. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró dè mí lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n wo agolo tó wà lọ́wọ́ mi. Ìdérí rẹ̀ ṣì dì pinpin, bí wọ́n ṣe gbé e fún mi gan-an ló rí. Búrọ́ọ̀ṣì gbẹ.

Wọ́n ní, "Gbé e padà sáyè rẹ̀, kó má baà gbẹ." Màmá Zefa bu oúnjẹ, a sì jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku oṣù kan kí n padà sí kíláàsì. Olùkọ́ wa ní kí n kọ ìròyìn ohun tí mo kọ́ lóko. N kò tíì kọ ìlà kan. Màmá Zefa bẹ̀ mí kí n dúró títí yìnyín yóò fi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ilé dákẹ́ jù, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ń pariwo nínú rẹ̀. Mo ti gbà, bí olùkọ́ wa bá yọ̀ǹda. Kì í ṣe pé mo lè tún nǹkan kan ṣe.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Rudi, kí ẹ gbá ọmọ mọ́ra fún mi. Bí ẹ bá kọ̀wé sílé, ẹ sọ fún Màmá pé mo wà dáadáa, pé mo ń jẹun. Ẹ má sọ èyí tó kù. Kí ẹ̀yin náà má sì kọ ọ́ sí mi pé yóò dára, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ sè lánàá fún mi, kí ẹ sọ ẹni tó kọjá níwájú fèrèsé yín. Mo máa kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú yín ń ro,
Jolanka.